Pẹlẹbẹ Òjé Mẹ́wàá fún Ràímì

Láti Avépozo, létí òkun

Ràímì Àkànní, ọmọ tí mo bí tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í tán lára mi,

Mo kí ọ kú oríire. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá àwọn atòlẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé tí èmi bàbá rẹ ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí ìdúró. Mo gbọ́ ọ, mo dìde. N kò mọ ohun tí mo dìde fún, mo tún jókòó. Inú mi dùn, àyà mi sì já, nítorí pé ẹnu kan náà tó sọ fún mi pé o ti jọ̀gá ló sọ pé kàlẹ́ńdà àwọn ará wa ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbé síwájú rẹ.

O lè bi ara rẹ léèrè pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà, nígbà tí Avépozo kò jìnnà sí Tokoin tí o ń gbé tó bẹ́ẹ̀. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ògiri yàrá rẹ fẹ́lẹ́. Ohun tí mo bá sọ fún ọ níbẹ̀ ní òwúrọ̀, àwọn ayálégbé ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò ti fi jẹ àkàsà ní ọ̀sán. Ìdí kejì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìwọ yóò bá a níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bẹ̀rù ẹnu ènìyàn. Mo bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá rẹ, mo bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí a bí ọ, àní mo bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́, tí mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé fún oṣù kan kí wọ́n má baà ní mo ń ṣe fọ́ńté. Mo ti di arúgbó báyìí, ó sì ti sú mi. Kà á dé òpin kí o tó ṣí agolo tí ìyá rẹ gbé wá pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwọ jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Faransé. Tíṣà fi ẹgba kọ́ ọ. Èmi kò ní tíṣà. Nígbà tí àwọn Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ fífọ̀ ni wọ́n gbà mí sí: bí wọ́n bá ti tẹ̀wé tán, èmi ni n ó fi omi eérú àti búrọ́ọ̀ṣì fọ yíǹkì kúrò lára lẹ́tà òjé. Ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni mo ti ń bi àwọn àgbà pé, kí ni orúkọ èyí, kí ni ó ń wí bó bá dúró ti ẹnìkejì rẹ̀? Báyìí ni mo ṣe kọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí lẹ́tà òjé ṣe rí. Ó kẹ̀yìn síni, ó sì dorí kodò níwájú ẹni tó ń tò ó. Irú èyí ni ojú mi mọ̀. Mo lè ka òjé bí ẹni mu omi. Bí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tó dúró ṣánṣán bó ṣe yẹ kí ènìyàn kà á, ojú mi á ṣókùnkùn. N kò lè ka ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ta ni mo sọ fún? N kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí wọ́n sọ mí di atòlẹ́tà, tí wọ́n na bébà àkọ́tẹ̀ sí mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo ṣẹ́jú, mo mi orí, mo ní, “Ó pé.” Ìwé tí a bá ń tò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń kà á sókè; ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń mi orí kí ojú mi tó mọ bébà.

Nítorí náà, ọmọ mi, gba èyí ní èkíní. Ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Wọn yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ di alẹ́. Ebi yóò pa wọ́n, wọn yóò lọ sílé. Èmi tí n kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kan, ìwọ gbọ́ ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀.

O mọ pẹlẹbẹ, ìyẹn ọ̀pá òjé tínínrín tí a ń fi sáàárín ìlà. Síbẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọ̀gá wa nígbà náà, ọmọ Mina kan tí gbogbo wa ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ní ìlà tí a kò fi nǹkan kan sáàárín wọn dà bí ẹbí púpọ̀ lórí ẹní kan. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n mí, a ó ki pẹlẹbẹ bọ àárín wọn, èyí tí à ń pè ní ìlà lílà. Pẹlẹbẹ mẹ́ta tí a tò lé ara wọn nípọn tó ìlà lẹ́tà kan. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di òní.

Ṣẹ́ẹ̀fù ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn. Ó ní, “Bí o bá la ìlà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fi pẹlẹbẹ kan há etí rẹ. Bí o bá ti dá ìlà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mú un kúrò. Orí a máa gbàgbé. Etí tí òjé ń gún kì í gbàgbé.” Gbogbo wa ń ṣe é. Bí àlejò bá wọlé, tí ó rí ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fi irin há etí, á rò pé ẹgbẹ́ awo kan ni.

Ìwọ ti ń rí kàlẹ́ńdà wa, àwa Mùsùlùmí tó ti ilé wá tẹ̀dó síbí, lára ògiri láti kékeré: bébà ńlá kan, oṣù àti àwẹ̀ àti ọdún lápá òsì, orúkọ àwọn baálé ilé lápá ọ̀tún, ìdílé tẹ̀lé ìdílé. Ilé kọ̀ọ̀kan ń gbé e kọ́ fún oṣù méjìlá. Bí àwọn àgbà wa bá ní ọ̀rọ̀ ní bíróò Komandáńtì, aláṣẹ àwọn Faransé, wọ́n á ká a dání lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì: “Àwa rèé.” Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọn kì í pè é sí ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í bi í ní ìmọ̀ràn.

Ní ọ̀kan nínú ọdún mẹ́ta tí mo fi ń mi orí yẹn, Lèmọ́mù wa àgbà kú. Àwọn àgbà ní kí a la ìlà mẹ́ta tí orúkọ àti oyè rẹ̀ wà sílẹ̀, fún ọ̀wọ̀, ní ọdún náà nìkan; Ṣẹ́ẹ̀fù sì ti wá àyè wọn sílẹ̀. Èmi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Mo la ìlà Lèmọ́mù, mo fi pẹlẹbẹ kan há etí. Ìdílé tó tẹ̀lé e ni ilé Sálíù, oníṣòwò aṣọ, ọkùnrin mẹ́sàn-án, ìlà mẹ́sàn-án. Ó yẹ kí wọ́n fún pọ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn. Àsìkò náà gan-an ni ọmọbìnrin kan tó ru àtẹ búrẹ́dì gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa kọjá. Mo ti ń wo ọmọbìnrin náà láti ìgbà òjò. Ó dúró, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ńjúù o. Ṣé etí yín ń jò ni, tí ẹ fi irin dí i?”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fi ọwọ́ lu tábìlì. Ara mi gbóná dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo yọ pẹlẹbẹ náà kúrò létí, mo tì í sápò, mo ní, “Kò jò mọ́. Wá ta búrẹ́dì fún mi.”

Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ yín. Dúdú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kan búrẹ́dì mi.”

O ti mọ̀ pé ìyá rẹ ni. Ohun tí o lè má tíì fi ọkàn sí ni pé ilé Sálíù ni ilé bàbá rẹ̀.

Mo fọ ọwọ́, mo jẹ búrẹ́dì, mo padà sídìí àpótí lẹ́tà, ọkàn mi sì ti bá àtẹ búrẹ́dì lọ. Mo ń to ilé Sálíù, mo ń ki pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ti ṣe fún Lèmọ́mù, nítorí kò sí òjé tó ń gún mi létí mọ́. Kì í ṣe pé mo rántí ni mo ṣe dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìlà kẹsàn-án. Pẹlẹbẹ tó wà nítòsí mi ló tán. Mo to àwọn ìdílé yòókù bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ bọ férémù irin, ìlà mẹ́ta ṣẹ́kù síta. Férémù kò ṣeé fẹ̀. Ẹ̀rọ ń dúró, Ṣẹ́ẹ̀fù ń pariwo pé kí ló dé. Bí mo bá sọ pé n kò mọ ibi tí àyè náà gbà lọ, wọn yóò ní ṣebí mo sọ pé mo mọ̀wé.

Ìlà mẹ́ta tó ṣẹ́kù náà ni ìdílé ìkẹyìn: Lámídì, Sùnmọ́nù àbúrò rẹ̀, àti Bákàrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń hun ẹní. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbi ìpàdé. Mo ro èyí, Ràímì. N kò ní purọ́ fún ọ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí kò ní pariwo. Mo yọ wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n na bébà àkọ́tẹ̀ sí mi, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo ní, “Ó pé.”

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kàlẹ́ńdà ti wà lára ògiri gbogbo ìlú, wọ́n ní kí n tú òjé náà, kí n dá lẹ́tà padà sínú àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti bá pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án lábẹ́ orúkọ ilé Sálíù. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́sàn-án: ìlà mẹ́ta gééré. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, ìkẹwàá tí mo yọ létí ṣì wà níbẹ̀. Mo kó àwọn mẹ́sàn-án tì í, kí Ṣẹ́ẹ̀fù má baà rí wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ní àṣìṣe ni, kí n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Bàbá Lámídì wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé, kàlẹ́ńdà wọn ní kíká lábẹ́ apá. Wọ́n bọ́ bàtà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí.

“Àlàbí, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ojú mi ni kò ríran dáadáa ni, àbí ilé wa kò sí níbí?”

Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbé orí sókè. Mo wo ojú wọn, n kò wo ti bàbá náà. Mo ní, “Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi ni mo ṣe tò ó.”

Bàbá Lámídì ní, “Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni.” Wọ́n tún kàlẹ́ńdà náà ká, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ.

Ṣé o rí ohun tí mo ṣe? Mo sọ ìgbàgbé mi di ìdájọ́ àwọn àgbà. Àwọn àgbà sì gbọ́ pé ilé Lámídì kò sí níbẹ̀. Olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ló mọ ìdí rẹ̀, wọ́n dákẹ́. Níbi tí àgbà bá ti dákẹ́, olófòófó a máa rí àga jókòó. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ọ nídìí omi, ní ọjà, lẹ́yìn ìrun: “Àwọn ahunní yẹn? A ti ń fura tipẹ́. Wọn kì í ṣe ará wa ní ti gidi. Ẹrú tó bá olówó rẹ̀ wá ni bàbá wọn.” Rábì ọmọ Bàbá Lámídì ń múra ìyàwó lọ́wọ́ ní ọdún náà. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọjọ́ náà dúró díẹ̀. Ó dúró títí di òní.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. “Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi ni mo ṣe tò ó” jẹ́ gbólóhùn tó dára lẹ́nu atòlẹ́tà. Òun ni apata wa. Ìwọ náà yóò lò ó, ó sì tọ́ kí o lò ó nígbà tó bá jẹ́ òtítọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, má gbé e dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ilé ń wò ọ́.

Ọdún yípo. Mùdáṣírù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tó jẹ́ akọ̀wé àwọn àgbà títí di òní, kò kọ orúkọ tuntun. Kàlẹ́ńdà tó gbó ló mú wá, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, ó ní, “Bíi ti èṣí ni o, Àlàbí. Má fi kún un, má yọ kúrò.” Mo ti ń fẹ́ àbúrò rẹ̀ nígbà náà. Mo to ilé Sálíù pẹ̀lú pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án mìíràn, mo sì fi ilé Lámídì sílẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Láti ọdún kejì lọ, èmi ni.

Àkànní, ìmọ̀ràn tó wúwo jù nínú lẹ́tà yìí rèé, n kò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Ohun tí o bá ṣe fún ìgbà díẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́ ní ọjọ́ tó yẹ kó parí. Bí o kò bá ṣe é, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rò pé bí ayé ṣe rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ìjà tí o bá ìyàwó rẹ jà fún alẹ́ kan, mú un kúrò nílẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìbátan tí o gbà sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, sọ fún un ní ojúkojú pé ọ̀sẹ̀ méjì ti pé. Ilé Sálíù kò bèèrè pé kí a la ìlà wọn. Ìgbàgbé ọmọkùnrin tó ń wo ẹlẹ́búrẹ́dì ló là á fún wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, bí Mùdá bá dìde níbi ìnáwó, ó di “àwa ọmọ ìlà-kì-í-há”. Ó ti di oríkì. Mo gbọ́ ọ tí wọ́n fi ń tu ọmọ nínú.

Má sì rò pé ẹ̀rọ̀ ni mo fi ń sọ èyí. Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ wo bóyá ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kan àfi òkun. Mo padà wá jókòó.

Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja. Ó gbọ́ ọ dé òpin láìgbé ojú sókè.

“Nítorí èmi?” ó ní.

“Nítorí ẹnu rẹ.”

“Ẹ má dẹ́bi rù mí o, Bàbá Ràímì. Etí yín ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀. N kò ní kí ẹ yọ orúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Òótọ́ ni.”

“Gbogbo ọdún tí Bọ̀dá Mùdá fi ń yangàn pé àwa ni ọmọ ìlà-kì-í-há, ẹ̀yin mọ̀ pé búrẹ́dì mi ló fà á?”

“Mo mọ̀.”

Ó da ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí omi náà yí padà. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, “Àti Rábì?” Òun àti Rábì jọ ń ra ìyẹ̀fun níbì kan náà nígbà náà. Mo ní, “Àti Rábì.” Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí ẹja. Ní òwúrọ̀ ó gbé agolo náà lórí pẹpẹ, ó nù ún, ó ní, “Ẹ fún ilé bàbá mi pọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó gbé èyí lọ fún Ràímì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ará ìta ló dín wa kù, kó rí ọwọ́ tèmi níbẹ̀.”

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òun ló jókòó tì ọ́ báyìí. Má fún un ní búrẹ́dì. Yóò rò pé o ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí o ṣe rèé, kò sì rọrùn. Nígbà tí o bá ń to kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ Ajé, fún ilé Sálíù pọ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn. Àyè ìlà mẹ́ta yóò jáde níbẹ̀. Dá ilé Lámídì padà sí ìsàlẹ̀ ìwé, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn èyí, la ìlà tiwọn sílẹ̀, pẹlẹbẹ mẹ́ta mẹ́ta fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí àyè bá há, yọ òdòdó tí a fi ń ṣe ìsàlẹ̀ ìwé lọ́ṣọ̀ọ́. Òdòdó kò ní ìdílé.

Kì í ṣe láti fi wọ́n jọba ni mo ṣe ní kí o là á. Ojú Bàbá Lámídì ti fọ́. Mo lọ kí wọn ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ṣì ń hun ẹní, ìka wọn ló ń ríran fún wọn. Wọ́n mọ ohùn mi. Wọ́n ní, “Àlàbí, wọ́n ti tẹ kàlẹ́ńdà? Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, mú un wá kí n fi ọwọ́ kàn án.” Rábì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n á tẹ́ bébà náà sórí itan, wọ́n á fi ìka wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kí ó ká a. Rábì kò bínú sọ ọ́. Ìbá sàn kó bínú. Ìlà tó fún pọ̀, ìka kò lè yà á sọ́tọ̀. Nítorí náà, la ìlà wọn, kí o sì fi bébà líle sábẹ́ èyí tí ẹ ó tẹ̀ fún Bàbá Lámídì, kí òjé lè jẹ wọlé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè yọ. Ní ọdún yìí nìkan. Ní ọdún tó ń bọ̀, yọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n wà bí ẹnikẹ́ni, nítorí bí ẹnikẹ́ni ni wọ́n ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mùdá yóò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Yóò ní, “Ràímì, bíi ti èṣí ni o.” Bí o bá kọ̀, yóò ní òun yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, òun yóò sì sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ọmọ tí wọ́n fi joyè kò lè pa iṣẹ́ mọ́ bí oníṣẹ́ ṣe gbé e wá. Ó lè ṣe é. Mo mọ̀ pé ipò tí o kò tíì lò fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní kí o fi wewu, n kò sì fi adùn bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni: dọ̀bálẹ̀ fún un, dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí àyà rẹ kan ilẹ̀. Láti ìdọ̀bálẹ̀ náà, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí o dá nìkan ru ú. Alàmísì ni ìwọ ń ka èyí. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n tó túká, èmi Àlàbí yóò dìde lágbàlá mọ́sálásí, n ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí búrẹ́dì dé orí irọ́. Àwọn olófòófó yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Wọn yóò ní arúgbó ti ya wèrè. Kí wọ́n wí. Wọn yóò ní mo ba ilé àna mi jẹ́. Kí wọ́n wí. Wọ́n ti ń wí ti ilé Lámídì láti ọjọ́ yìí wá, ilé náà kò wó, wọ́n ṣì ń hun ẹní. Ẹnu tí mo fi ìgbà èwe mi sìn, n kò ní fi ogbó mi sìn ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ni n ó yan ọjọ́ náà, ó sì di ọ̀la.

Ìdí kejì tí mo fi kọ ọ́ rèé. Mo mọ ara mi. Bí mo bá dìde lọ́la, tí mo rí ojú wọn, tí ẹnu mi kú, wà nítòsí mi pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ṣí i, kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo ibi tí ojú ti ń tì mí. Mo ti fi í sí ọwọ́ rẹ báyìí, kò sí ọ̀nà àbáyọ fún mi mọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Ṣí agolo náà. Pẹlẹbẹ mẹ́wàá ni o máa bá níbẹ̀, àwọn kan náà. Mo ti fi epo nù wọ́n. Mẹ́sàn-án wà fún ìlà mẹ́ta ti Bàbá Lámídì. Ìkẹwàá kò sí fún ìlà kankan. Ti etí rẹ ni. Fi há a ní ọjọ́ Ajé, kí o sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ìwọ yóò fi yọ èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́sàn-án náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, tó bi ọ́ bóyá etí rẹ ń jò, sọ fún un pé ó ń jò, ó ti ń jò láti ìran bàbá rẹ. Má yọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Àlàbí, atòlẹ́tà